Ìṣẹ́jú 15: Ìdí Tí Súwíìtì Igbó Kan Fi Ń Tètè Dé Orí Ju Òmíràn Lọ

Obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù oògùn mi ní Kàbà lẹ́yìn ọdún tuntun. Ó ní, "Ọ̀kun o," ṣùgbọ́n kò jókòó. Ó yọ láílọ́ọ̀nù pẹlẹbẹ kan nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó rọra gbé e síwájú mi bí ẹni tó ń gbé ẹyin kalẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé ní Kánádà ló wálé wá ṣọdún, inú àpò sòkòtò tí ìyá fẹ́ bá a fọ̀ sì ni nǹkan náà wà. Kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ mọ́. Àmì pupa onígun mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀, ewé igbó wà láàárín àmì náà, lẹ́tà THC sì wà nísàlẹ̀ ewé. Ó ti pe ọmọ náà jókòó, ó ti bi í. Ọmọ ò parọ́: ó ní súwíìtì igbó ni, òun ti jẹ ẹ́ tán lọ́hùn-ún kí òun tó wá síbi tí bàálù wà, ó sì wá fi kún un, bí ẹni ń fi ọjà yangàn, pé ìṣẹ́jú 15 péré ni irú rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́.

Ìṣẹ́jú 15 yìí ló gbé ìyá rẹ̀ wá. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "oògùn ibà tí ẹ ń tà fún mi, mo máa ń sùn, mo máa ń jí, kí ara mi tó balẹ̀. Kí ni wọ́n fi sínú èyí tó fi yá tó bẹ́ẹ̀?"

Ọkùnrin kan tó wá ra Panadol ti dá a lóhùn kí n tó lanu: igbó Òyìnbó ló le ju tiwa lọ. Mo ti gbọ́ èsì yẹn lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí nǹkan ṣe yá tó ọ̀tọ̀, bó ṣe le tó ọ̀tọ̀. Súwíìtì tó ń yára lè má ní ju táṣẹ́rẹ́ lọ nínú, kí bisikíìtì tó ń falẹ̀ sì ní ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀. Ní Kánádà, níbi tí òfin ti gba igbó jíjẹ láyè fún àgbàlagbà láti oṣù kẹwàá ọdún 2019, THC, ìyẹn ohun tó ń yí orí padà nínú igbó, kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 10 lọ nínú páálí kan, ì báà yára, ì báà falẹ̀. (Tiwa níbí, ẹ ti mọ̀: òfin Nàìjíríà kò gbà á láyè rárá, àwọn NDLEA kò sì ní bi yín bóyá súwíìtì ni tàbí ewé.) Ohun tí wọ́n yí padà nínú súwíìtì tó ń yára ni bí epo inú rẹ̀ ṣe ń wọ inú ẹ̀jẹ̀.

Epo ni mo sọ, epo náà ni mo ní lọ́kàn. THC inú igbó ni mò ń sọ. Àwọn onímọ̀ méjì ní Ísírẹ́lì, Raphael Mechoulam àti Yehiel Gaoni, ló yà á sọ́tọ̀ lọ́dún 1964 tí wọ́n sì fi bó ṣe rí han aráyé. Kò bá omi ṣe rárá. Ẹ bu òrí sínú omi tútù, ẹ rò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú, òrí á wà lọ́tọ̀, omi á wà lọ́tọ̀. Bí THC ṣe rí nìyẹn. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń fi igbó se nǹkan jíjẹ fi ń wá bọ́tà tàbí òróró, torí inú ọ̀rá ló ti ń yọ́. Inú ara èèyàn, ẹ̀wẹ̀, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àìbárẹ́ epo àti omi yìí ló ń jẹ àkókò.

Obìnrin yìí kò mọ̀ pé òun ti dáhùn ìdajì ìbéèrè òun nígbà tó dárúkọ oògùn ibà. Èyí tí gbogbo wa ń lò báyìí, artemether pẹ̀lú lumefantrine, a máa ń kìlọ̀ pé kí ẹ jẹun sí i, kí oúnjẹ náà ní ọ̀rá díẹ̀, tàbí kí ẹ mu mílíìkì. Kì í ṣe torí kí inú má bàa run yín nìkan. Inú ọ̀rá ni lumefantrine náà ti ń yọ́. Bí èèyàn bá fi oúnjẹ ọlọ́ràá gbé e mì, èyí tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ máa ń tó nǹkan bí ìlọ́po 16 èyí tí ẹni tí kò tíì jẹun á rí gbà. Mo ti rí àwọn tó fi omi lásán gbé e mì láàárọ̀ kùtù, tí wọ́n padà wá bá mi jà lọ́jọ́ kẹta pé ayédèrú ni mo tà fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá bá THC rìn. Ẹni tó bá fa igbó, ẹ̀dọ̀fóró ló fà á lé ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ sì gbé e dé ọpọlọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀nà ẹni tó jẹ ẹ́ jìn. Ó lè gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó lè gbà tó wákàtí 2, kó tó rí nǹkan kan. Ó lè tó wákàtí 2 sí 4 kó tó dé góńgó. Ó sì lè lo wákàtí 6, 8, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lára.

Ikùn ló kọ́kọ́ dá a dúró. Ikùn kì í kánjú tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, pàápàá bí iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí bá ti débẹ̀ ṣáájú. Omi lásán kì í pẹ́ níbẹ̀. Oúnjẹ ọlọ́ràá lè jókòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìyẹn nìkan ti tó láti sọ ìdí tí ohun mímu onígbó fi sábà máa ń yá ju kéèkì lọ.

Ẹ̀yìn ikùn ni ìfun kékeré, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà wà. Ara ìfun tutù, omi ló bò ó pẹlẹbẹ. Ẹ̀kán epo ńlá kò lè gba àárín omi yẹn kọjá sínú ẹ̀jẹ̀. Yóò dúró de omi òróòro, èyí tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe tó ń sọ̀ sínú ìfun nígbà tí a bá jẹun. Òróòro ń ṣe bí ọṣẹ. Á gbá epo mú, á tú u sí wẹ́wẹ́, á wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù tí omi lè fara mọ́, kí ìfun tó rí i gbà. Ẹni tó ti fi ọṣẹ dúdú fọ epo pupa kúrò lọ́wọ́ rí ti rí i bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fọ ọwọ́ yẹn kò yá nínú ìfun, kò sì rí bákan náà lójoojúmọ́: ó wà lọ́wọ́ ohun tí èèyàn jẹ, ìgbà tó jẹ ẹ́, àti bí inú rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ku ẹ̀dọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìfun bọ̀ gbọ́dọ̀ yà níbẹ̀ kó tó lọ ibòmíràn, bí ọkọ̀ akérò ṣe ń dúró níwájú àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú títì, kí wọ́n tú ẹrù wò. Ẹ̀dọ̀ máa ń gbẹ́sẹ̀ lé púpọ̀ nínú ẹrù náà. Nínú THC tí èèyàn bá gbé mì, bí ẹ bá pín in sí ọ̀nà 100, nǹkan bí ọ̀nà 4 sí 12 ló ń rí ọ̀nà dé inú ẹ̀jẹ̀ tó ń kárí ara. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ kì í kàn gbẹ́sẹ̀ lé e. Ó ń sọ apá kan di nǹkan míì, tí wọ́n ń pè ní 11-hydroxy-THC, èyí tó ń rọrùn fún láti wọ inú ọpọlọ, tó sì lágbára tó THC fúnra rẹ̀, ó kéré tán. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ti fa igbó tí wọ́n tún ti jẹ ẹ́ fi máa ń sọ pé ọ̀tọ̀ ni jíjẹ: ó wúwo, ó ń pẹ́.

Àwọn tó ń ṣe súwíìtì tó ń yára wo ìrìn-àjò yìí, wọ́n sì mú ibi kan nínú rẹ̀ tí wọ́n lè tún ṣe. Wọ́n bá òróòro ṣe iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nílé iṣẹ́, kí súwíìtì tó dé ẹnu ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo wàrà kẹ́ ẹ lè mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Èyí tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kiri nínú igbá, ẹ gbé e sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ á léfòó. Mílíìkì inú agolo lè wà lórí pẹpẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọ̀rá rẹ̀ kò ní yà lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tì í gba ojú ihò tóóró kọjá pẹ̀lú agbára ńlá, tí ọ̀rá rẹ̀ fi fọ́ yángá. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Auguste Gaulin, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1899, ó sì gbé e wá síbi ìpàtẹ àgbáyé ní Paris lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìbátan ẹ̀rọ yẹn, tàbí òmíràn tó ń fi ìró tí etí èèyàn kò lè gbọ́ gbọn epo tú, ni wọ́n ń lò fún epo igbó. Wọ́n á wá fi ohun kan tó ń ṣe bí ọṣẹ, tó sì ṣeé jẹ, yí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ká, bíi lecithin tó ń ti ara ẹ̀wà sóyà wá, kí àwọn ẹ̀kán náà má bàa tún pa dà so pọ̀.

Ìwọ̀n wọn ló yani lẹ́nu. Náánómítà ni wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n, mílíọ̀nù kan rẹ̀ ló sì wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Fọ́nrán irun orí kan fẹ̀ tó nǹkan bí náánómítà 80,000. Ẹ̀kán epo inú súwíìtì yìí kì í sábà ju 200 lọ, àwọn kan kò ju 20 sí 50 lọ. Àwọn tó kéré jù yìí kéré débi pé ìmọ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé nǹkan kan wà lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè da epo igbó sínú omi tó mọ́ gaara, tí ẹ ò sì ní rí àmì epo kankan lójú omi.

Kí ló dé tí kíkéré fi ń mú un yá? Ẹni tó bá ń fi igi dáná mọ̀ pé ìtì kì í gbiná bí ìṣẹ́pẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara igi kan náà ni wọ́n ti wá. Iná ò rí ibi púpọ̀ dì mú lára ìtì. Ká mú ẹ̀kán epo kan tó fẹ̀ ní náánómítà 10,000, ká fọ́ ọ sí àwọn tó fẹ̀ ní 100. Ẹ̀kán kan yẹn á di mílíọ̀nù kan. Epo kò lé, kò dín, ṣùgbọ́n ara tó fi ń kan omi ti di ìlọ́po 100. Bó bá dé ìfun báyìí, kò sí ohun tó ń dúró dè mọ́.

Kì í ṣe àwọn onígbó ló dá ọgbọ́n yìí, ó sì yẹ kí n sọ ọ́ torí bí àwọn tó ń tà á ṣe ń pariwo. Cyclosporine, oògùn tí àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún ń lò kí ara wọn má bàa kọ tuntun sílẹ̀, kì í yọ́ nínú omi bákan náà. Ti àtijọ́ kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà lónìí àti lọ́la, èyí sì léwu púpọ̀ fún aláìsàn. Láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ṣe irú èyí tó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ fúnra rẹ̀ bó bá kan omi inú ikùn.

Ọ̀nà kejì wà, ìyẹn ò tiẹ̀ dé ìfun. Awọ abẹ́ ahọ́n fẹ́lẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ kún ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń tibẹ̀ jáde kì í sì yà lọ́dọ̀ ẹ̀dọ̀ kó tó dé ọkàn. Àwọn tí àyà máa ń dùn nítorí àìsàn ọkàn mọ glyceryl trinitrate, oògùn kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ ahọ́n. Ìṣẹ́jú díẹ̀, ìrora ti ń rọlẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e mì, ẹ̀dọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ kó tó ṣe wọ́n láǹfààní. Omi igbó tí àwọn kan ń kán sábẹ́ ahọ́n àti èyí tó dà bíi bébà tinrin tó ń yọ́ lẹ́nu ń wá ọ̀nà yìí náà. Àmọ́ àfi kí èèyàn dá a dúró síbẹ̀. Ẹni tó bá dá itọ́ mì, ó ti dá a padà sójú ọ̀nà ìfun, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ rẹ̀ ń gbà lọ. Súwíìtì tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu tí wọ́n sì ń gbé mì kò fi bẹ́ẹ̀ jàǹfààní abẹ́ ahọ́n. Iṣẹ́ ẹ̀rọ àti "ọṣẹ" ló ń mú òun yára.

Mo ní láti tún ọ̀rọ̀ mi àkọ́kọ́ sọ díẹ̀. Mo ní yíyára kì í ṣe líle, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n epo tó fọ́ wẹ́wẹ́ kì í kàn tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀, púpọ̀ sí i ló tún ń wọ̀ ọ́. Nítorí náà mílígíráàmù 10 inú súwíìtì tó ń yára lè gbé èèyàn ju mílígíráàmù 10 inú bisikíìtì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye kan náà ni wọ́n kọ sára méjèèjì. Ẹ̀dọ̀ sì ṣì wà lójú ọ̀nà. Ohun tí wọ́n bá gbé mì, bó ti wù kó kéré tó, púpọ̀ rẹ̀ á ṣì gba ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ kọjá, 11-hydroxy-THC á ṣì jáde níbẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 tí ọmọ yẹn ń sọ ni ìgbà tí àwọn kan máa kọ́kọ́ fura pé nǹkan ti ń ṣe wọ́n. Góńgó rẹ̀ ṣì wà níwájú. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ara ló rí bákan náà: àwọn kan wà tí bí Ọlọ́run ṣe dá ẹ̀dọ̀ wọn kì í jẹ́ kó tètè fọ́ THC, èyí tó bá sì wọlé á pẹ́ lára wọn.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí, tí mo sì sọ fún ìyá náà, ni aago tí ọmọ rẹ̀ ti kọ́ lọ́hùn-ún. Bisikíìtì àti kéèkì onígbó wà nílẹ̀ wa, NDLEA sì ti mú àwọn tó ń tà á. Inú bọ́tà tàbí òróró ni wọ́n ti ń se tiwa. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó fọ́ epo rẹ̀, kò sí ẹni tó wọn THC inú rẹ̀, apá kan bisikíìtì kan náà lè ní ìlọ́po ohun tó wà lápá kejì. Ẹni tí ara rẹ̀ ti mọ́ ìṣẹ́jú 15, bó bá jẹ irú èyí lálẹ́ níbi àríyá kan, á wo aago. Ìṣẹ́jú 15, kò sí nǹkan. Ìṣẹ́jú 40, kò sí nǹkan. Á ní wọ́n rẹ́ òun jẹ, á tún mú òmíràn, á tún mú ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn wákàtí 2, gbogbo rẹ̀ á dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìtàn kọ́ nìyẹn. Ọdún 2014 ni ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta igbó ní gbangba. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan jẹ díẹ̀ lára bisikíìtì tí gbogbo THC inú rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 65. Ẹni tó tà á ti sọ pé kí wọ́n gé e sí mẹ́fà. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, kò rí nǹkan kan, ló bá jẹ ìyókù. Orí rẹ̀ dàrú, ó sì fò bọ́ láti àjà kẹrin ilé ní nǹkan bíi wákàtí 2 àbọ̀ lẹ́yìn náà, ó kú. Àjọ CDC tó ń rí sí ìlera ní Amẹ́ríkà ló gbé ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 2015. Àwọn tó ń ṣe súwíìtì tó ń yára lè wí àwíjàre pé kéèyàn tètè mọ̀ ohun tó jẹ sàn ju kó máa dúró lọ. Àwíjàre náà nítumọ̀ fún ẹni tó ń ra ti ilé iṣẹ́ nìkan. Kò ran ẹni tó ń pààrà méjèèjì lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ò gbọdọ̀ ṣẹ́yìn, torí súwíìtì ni wọ́n ń rí, wọn ò rí igbó. Ní Amẹ́ríkà, iye àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà tí wọ́n jẹ igbó jíjẹ láìmọ̀, tí wọ́n sì fi tó àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí májèlé létí, jẹ́ 207 lọ́dún 2017. Nígbà tó fi di ọdún 2021, ó ti di 3,054. Ọmọ tó bá jẹ ẹ́ lè máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, kó sùn kó má ṣeé jí, kí mímí rẹ̀ má já gaara mọ́. Ẹ má fún un ní epo pupa mu, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kẹ́ ẹ sì mú páálí tàbí láílọ́ọ̀nù rẹ̀ dání. Ẹ sọ aago tó jẹ ẹ́ fún dókítà láìfi ọ̀rọ̀ kankan pamọ́, torí ara aago yẹn ni wọ́n á ti mọ̀ bóyá ó ti dé góńgó tàbí ó ṣì ń bọ̀.

Ìyá náà ti jókòó nígbà tí mo sọ̀rọ̀ dé ibí. Ó bi mí léèrè pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ó ń yára dé, ṣé ó tún ń yára lọ? Mo ní ó lè dín díẹ̀ sí ti bisikíìtì, ṣùgbọ́n wákàtí la ó ṣì máa kà, kì í ṣe ìṣẹ́jú, ẹni tó bá sì wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ wa mọ́tò.

Ó ní lọ́la ni ọmọ náà fẹ́ wa mọ́tò òun lọ sí Ìsánlú.

Mo ní èyí tó jẹ ní Kánádà ti kúrò lójú rẹ̀ tipẹ́, àfi bó bá ní òmíràn nínú báàgì. Ó wojú mi. Ó ká láílọ́ọ̀nù náà sí méjì, ó tì í sínú pọ́ọ̀sì, ó sì forí lé ilé.